Ìdọ̀bálẹ̀ Mẹ́tàdínlógún

Àwọn eléré yòókù ń fi aago ka eré tiwọn. Ìdọ̀bálẹ̀ ni Mọ́nsúrù fi ń ka tirẹ̀. Láti ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹmọ̀ dé pápá ilé-ìwé tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà lójú ọ̀nà náà. Ó ti kà á.

Kí ó tó lọ síbi iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ sáré, ìyẹn kété tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán. Ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn àgbà ń ti mọ́sáláṣí dé, tí oníkálukú ń jókòó síwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ta ló máa sáré kọjá níwájú Àlàájì Sàlàhúdíìnì láì dọ̀bálẹ̀? Àlejò lè ṣe é. Ọmọ Láwàlì aláṣọ kọ́! Bàbá rẹ̀ ti lọ sọ́run, wọn á ní ọjọ́ tí bàbá kú ni ẹ̀kọ́ ilé bá a lọ. Nítorí náà, Mọ́nsúrù á sáré dé fìì, á dúró gbàgìrì, á na gbalaja sílẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà!" Á dìde, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù, á tún ki eré mọ́lẹ̀. Ìṣísẹ̀ ogún, àgbà mìíràn!

"Mọ́nsúrù," Àlàájì á ní, nígbà tí ó ṣì wà nílẹ̀, "ìyàwó dà?"

"Ó ń bọ̀, sà."

"Láti èṣí? Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni? Lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, ìwọ tí o ní ẹsẹ̀ tí o ń fi ṣòfò!"

Gbogbo iwájú ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó wá le jù ni ti Ìyá Àgbà Àsíátù, àbúrò bàbá bàbá rẹ̀, tí ilé wọn kángun sí pápá. Àdúrà tiwọn kì í tán bọ̀rọ̀. Wọ́n á ṣe é fún orí, wọ́n á ṣe é fún ọwọ́, wọ́n á ṣe é fún ọmọ tí kò tíì bí. Kí wọ́n tó dé àmín ìkẹyìn, òógùn ti gbẹ lára eléré.

Ní ọdún 1980, Mọ́nsúrù rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan lọ́nà Ewékorò, ó gba yàrá kan létí títì. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó bọ́ sórí ọ̀dà, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Títì gbọọrọ, kò sí àgbà kan ṣoṣo! Tírélà kì í béèrè ìdọ̀bálẹ̀. Ó sáré máìlì mẹ́rin láìdúró, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé.

Ẹ̀rín náà lò tó oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Á ti ibi eré dé, á wẹ̀, á jẹ búrẹ́dì lóòró, á lọ síbi iṣẹ́, á padà wá ṣí yàrá tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Iléyá ọdún kìíní àti ìkejì, ó lọ sílé. Ìkẹta, ó ránṣẹ́ pé eré ń bẹ lọ́wọ́ òun. Ìkẹrin, kò ránṣẹ́ mọ́. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ìyàwó mọ́.

Nígbà tó di 1985, wọ́n kéde pé ìpínlẹ̀ yóò yan eléré mẹ́ta fún eré ìyípo méjìlá àti ààbọ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Mọ́nsúrù. Bí kò bá wọlé lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn, a jẹ́ pé lásán ló fi ilé sílẹ̀.

Ọjọ́ tó gbọ́ ìkéde náà ló fò láti máìlì mẹ́rin lóòjọ́ bọ́ sí mẹ́sàn-án. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ojúgun rẹ̀ méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò sí egbò, kò wú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ inú eegun náà, lókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, ń ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi páànù họ ọ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ eré, á dùn ún. Bí ara bá gbóná, á dákẹ́. Bí ó bá dúró, á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mọ́nsúrù ní ọ̀lẹ ló ń ṣe ẹsẹ̀ náà. Ó fi òróró gbígbóná wọ́ ọ tagbáratagbára, ó fi aṣọ dì í, ó fi máìlì méjì kún un. Ọjọ́ kẹta, ojúgun kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mọ́nsúrù jókòó sórí òkúta létí títì, kò lè dìde.

Bándélé, awakọ̀ tírélà kan tó máa ń gba ọ̀nà náà lárààárọ̀, ló dúró gbé e.

"Brọ̀dá, ọjọ́ wo ni mo ti ń fọn fèrè sí yín, ẹ ò dá mi lóhùn rí."

"Mo ṣe bí ẹ ní kí n kúrò lọ́nà ni."

"Mò ń kí yín ni o!"

 Mọ́nsúrù yí ojú sí fèrèsé.

Owódé ni Bándélé gbé e lọ, sọ́dọ̀ Mísìsì Harriet, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá. Mísìsì kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀. Bàtà kánfáàsì ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, wọ́n ká a méjì bí àkàrà tútù.

"Bàtà lèyí àbí páálí? Níbo lo ti ń sáré?"

"Lójú títì, mà. Orí ọ̀dà."

"Orí ilẹ̀ ńkọ́? Àwọn pápá ti jóná ni?"

Ó ṣàlàyé: Ìjẹmọ̀, àsùbáà, ìdọ̀bálẹ̀ mẹ́tàdínlógún. Mísìsì Harriet rẹ́rìn-ín títí tí awò ojú fi bọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Lójijì, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

"O kọ̀, o ò fi àyà kan iyẹ̀pẹ̀, o wá lọ ń fi ojúgun gbá ọ̀dà. Ó dáa. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́sàn-án, mà."

"O ò ní sáré fún mẹ́ta."

"Mẹ́ta! Mísìsì, ẹ̀mí mi ni o."

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń wò, mi ò wo ẹ̀mí. Òróró gbígbóná, jù ú nù. Lọ ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja, fi aṣọ wé e, gbé e lé ojúgun fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Dúró lórí àtẹ̀gùn, máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara rẹ sókè, máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lè lágbára. Fi gìgísẹ̀ rìn yí yàrá ká. Ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Bí ìrora bá lọ, orí koríko ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, máìlì kan, kí o sinmi lọ́jọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa fi kún un. Ṣùgbọ́n bí ojú ibì kan ṣoṣo bá ń dùn ọ́, tàbí tó ń ro ọ́ nígbà tí o dùbúlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ, kí wọ́n ya fọ́tò eegun. Ó lè ti sán."

"Koríko kò sí ní Ewékorò, mà. Òkúta ni gbogbo rẹ̀."

"Kì í ṣe èmi ló kó ọ lọ síbẹ̀."

Ó gba yìnyín, ó gba àtẹ̀gùn, ó fi gìgísẹ̀ rìn nínú yàrá bí pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ó tẹ ojúgun, kò dùn ún mọ́. Ó gba ìsinmi ọdún níbi iṣẹ́, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó padà sí Ìjẹmọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kété lẹ́yìn àsùbáà, Mọ́nsúrù jáde síta. Ó ti múra tán. Ó ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún àkókò fún ìdọ̀bálẹ̀ nìkan. Ó dé iwájú ilé Àlàájì Sàlàhúdíìnì, ó dúró gbàgìrì, ó tẹ̀ síwájú láti na gbalaja.

Kò sẹ́nì kankan. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀ gbójú sókè.

"Ta lẹ ń wá?"

"Àlàájì."

"Ààwẹ̀ èṣí ni wọ́n kú. Ẹ̀yin ta ni?"

Àwọn ará ilé ránṣẹ́ ikú náà sí Mọ́nsúrù nígbà náà. Ẹni tí wọ́n rán kò bá a nílé, ó wà lórí ọ̀dà. Ilé kejì, bàbá ti lọ bá ọmọ wọn ní Èkó. Ilé kẹta, kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó kù, wọ́n ti kọ́ mọ́sáláṣí tuntun sápá òkè, ọ̀hún ni wọ́n ń gbà jáde báyìí. Mọ́nsúrù sáré gba àdúgbò kọjá láìdúró rárá, ohun tó ti ń bẹ Ọlọ́run fún tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ kò dùn ún. Ó kàn ń gbọ́ ìró bàtà tuntun náà ni, pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, láàárín ilé.

Létí pápá, Ìyá Àgbà Àsíátù wà lórí àpótí. Ó na gbalaja kí wọ́n tó gbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀, mà!"

Ojú ti ń ṣú wọn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Láwàlì," wọ́n ní. "Ọjà ńkọ́?"

Orúkọ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ó la ẹnu láti tún un ṣe, ó pa á dé.

"Ọjà ń lọ dáadáa, mà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ṣe gbogbo àmín, kó tó dìde lọ sí orí koríko. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ìsinmi rẹ̀ fi pé, ọjọ́ eré àti ọjọ́ ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù kí ìdíje tó dé, ó padà síbi iṣẹ́, ó sì ń wọ ọkọ̀ wá sí pápá lẹ́yìn iṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìdíje, ojúgun kò sọ nǹkan kan. Ìyípo mẹ́wàá, Mọ́nsúrù ló ṣìkẹfà. Ìyípo kọkànlá, ó bọ́ sí ìkẹrin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé okùn, ó fi èjìká gba ipò kẹta mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́. Wọ́n mú un! Àwọn ará ilé ẹni kìíní ya wọ pápá pẹ̀lú omi. Ìyá ẹni kejì tú gèlè, ó dì í mọ́ ọmọ rẹ̀ nídìí. Wọ́n fi gbohùngbohùn pe "Mọ́nsúrù Láwàlì!" Kò sẹ́ni tó hó. Ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀ fún ara rẹ̀, ó wò ó pé kò dáa, ó jáwọ́.

Ó gba ìwé tí wọ́n fún un, kò wọ mọ́tò. Eré ló sá dé Ìjẹmọ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà." Ó ti wà nílẹ̀. "Wọ́n mú mi. Ipò kẹta."

"Láwàlì ni?"

"Èmi ni, mà."

"O ń mí gúlegúle. Kí ló ń lé ọ?"

Mọ́nsúrù bojú wẹ̀yìn. Eruku tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Kò sí, mà. Kò sẹ́ni tó ń lé mi."

"Dìde nílẹ̀ nígbà náà," Ìyá Àgbà wí, wọ́n sún lórí àpótí láti fún un láyè. "Jókòó."