Òrùka Irin Tí Mo Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré la ní kí rọ́bọ́ọ̀tì wa tó wà lókè ọ̀run tó kọjá síbi tí a kò ti ní rí i mọ́, epo inú rẹ̀ kò sì ju ti ìgbìyànjú kan lọ. Ọdún mẹ́jọ la fi kọ́ ọ níbí, ní Bremen, torí kó lè mú òkú sátẹ́láìtì kan ṣoṣo sọ̀kalẹ̀. Àwa náà la ṣe sátẹ́láìtì ọ̀hún, nígbà tí mo ṣì lè sáré gun àtẹ̀gùn.

Merle, ọmọ iṣẹ́ mi, ló wà nídìí ẹ̀rọ tá a fi ń darí rẹ̀. Brakhage, ọ̀gá mi àtijọ́, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, jókòó sẹ́yìn wa. A pè é kó wá wo bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa parí. Kò tíì fọwọ́ kan kéèkì oníbọ́tà tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá Antje, a ti dé ìdí òrùka irin yẹn," Merle wí. "Ṣé kó dì í mú?"

Mo tẹjú mọ́ òrùka náà lójú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, mo fi sípánà di òrùka yẹn mọ́ ara sátẹ́láìtì le jù, ó sì sán. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbé sátẹ́láìtì lọ. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ òrùka náà, mo fi bébà oníwúrà bò ó, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí wàhálà. Brakhage fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n yan òrùka yìí kan náà pé ibẹ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì máa dì mú, mo wà níjókòó, mo sì mi orí pé ó dára, bí àgbà. Bó bá já báyìí, òkú kan yóò di ẹgbẹ̀rún èérún irin tí ń sáré kiri lókè. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi tiẹ̀ ti lé ní ogún.

"Ọ̀gá, ìṣẹ́jú méjì ló kù. Àbí ẹ ti sùn ni?"

"Dá a dúró."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní o dá a dúró, Merle. Òrùka yẹn ti sán. Èmi ni mo bà á jẹ́. Gọ́ọ̀mù ló dì í mú."

Ó wò mí, ó tẹ bọ́tìnnì. Lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ti fẹ́ pa dé mọ́ òrùka náà. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ó ń jó epo tó kù, títí epo fi tán pátápátá. Òkú ọ̀run wá di méjì.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Merle yọ ẹ̀rọ etí rẹ̀.

"Ibi mẹ́ta mìíràn wà tá a lè dì mú," ó ní. "Ká ní àná lẹ sọ ọ́, ọ̀gá. Ká ní àná péré."

Brakhage ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ má dá òun nìkan lẹ́bi. Mo fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù yẹn lọ́jọ́ náà, kò tíì gbẹ. Mo sì fọwọ́ síwèé." Ó yíjú sí mi. "Antje, láti àárọ̀ ni mo ti ń retí kó o sọ ọ́, kó má bàa jẹ́ èmi ni màá sọ ọ́."