Ògiri Tí Kò Nílẹ̀kùn

2.
…torí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ògiri yí gbogbo ìlú àtijọ́ yìí ká, kò sì ní ilẹ̀kùn kankan. Báwo ni àwọn tó kọ́ ọ ṣe ń wọlé? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún gan-an nìyẹn.

(Tíṣà ìtàn ló ń sọ ọ́ lọ́dọọdún, láti ìgbà tí òun àti àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ògiri náà jáde.)

3.
ÌKÍLỌ̀ FÚN KÍLÁÀSÌ
Ẹ má sáré tí awò kọ̀ǹpútà bá wà lójú yín. Ìlú tí ẹ ń rí, inú awò ló mọ. Àga tí ẹ ò rí, inú kíláàsì ló wà, ó sì le.

4.
(Lórí fóònù. Àbúrò Tíṣà ló ṣe ìlú inú awò.)

TÍṢÀ: Ta ló fi ilẹ̀kùn sára ògiri mi?
ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù. Àwọn ọmọ ò rọ́nà wọlé. Wọ́n kàn ń yí i po ṣáá. Ó sú wọn.
TÍṢÀ: Ó yẹ kó sú wọn! Ó ti sú èmi náà!
ÀBÚRÒ: Ilẹ̀kùn kékeré ni.
TÍṢÀ: Irọ́ kékeré, àbí?
ÀBÚRÒ: Ó dáa, màá yọ ọ́.

5.
Ẹ ti mọ̀. Kò yọ ọ́.

6.
Ẹ jẹ́ ká fo èyí. Èébú lásán ló wà níbẹ̀.

7.
ÌDÁNWÒ: Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ ìlú náà?
— Ẹnu ọ̀nà.
— Ẹnu ọ̀nà apá ọ̀tún.
— Mo gba ibẹ̀ wọlé fúnra mi, Tíṣà.

8.
Inú bí i débi pé bírò pupa rẹ̀ ya ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kó fún wọn ní máàkì, ta ni yóò bá ọmọ jiyàn ohun tó fojú ara rẹ̀ rí?

"Ojú wo?" ni Tíṣà bi í.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ó bá a. Ó ní òun á kó wọn lọ bá òótọ́ níbi tó wà.

9.
Ẹ̀YIN ÒBÍ: A ń lọ wo ògiri gidi lọ́jọ́ Ẹtì. Bàtà tó le. Kò sí awò.

10.
OLÙTỌ́JÚ ÒGIRI: Ẹ káàbọ̀, Tíṣà! Gbogbo ilé-ìwé tó wá ló ń béèrè ilẹ̀kùn inú awò lọ́wọ́ wa. Ojú ń tì wá. A ti gbẹ́ ẹ báyìí, sápá ọ̀tún.
TÍṢÀ: Òkúta ibẹ̀ dà?
OLÙTỌ́JÚ: A fi dí kòtò ojú ọ̀nà.
ỌMỌ KAN: Tíṣà, ṣé ẹ rí i!

11.
Àwọn ọmọ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ò wọlé. Ìbínú tó gbé wá látilé ti di ìbànújẹ́. Ó gbọ́wọ́ lé ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po, bí àwọn ọmọ ti ń ṣe kó tó sú wọn.

12.
Ẹnì kan pè é láti inú: "Tíṣà, ibí lẹ máa gbà!"