Ẹrù Tí Baba Aránbàtà Bá Ìjọ Ṣọ́

Ìyá Onídìrí kọ́ ló ní kí wọ́n fi òun ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìtọrẹ ọdún. Ọjọ́ ìpàdé ló pẹ́ dé, nígbà tó sì máa fi wọlé, wọ́n ti yàn án tán. Ojú àwo làwo fi ń gba ọbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìjọ tiwọn, ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún. Ó ṣàwáwí títí, ó ní irun tí òun ń dì fáwọn ẹlòmíì lásìkò ọdún kì í jẹ́ kóun ráyè ya tòun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì fi àdúrà parí ìpàdé.

Kì í ṣe iṣẹ́ náà ló ń bà á lẹ́rù, Baba Aránbàtà ni. Baba yìí ń tún bàtà ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ńlá kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì, láyé tó jẹ́ pé bí bàtà bá já báyìí, àwọn èèyàn á sọ ọ́ nù, wọ́n á ra òmíì. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run, ṣùgbọ́n ti Baba ò ṣeé fi pamọ́.

Lọ́dún tó kọjá, akọ̀wé ìjọ gba makirofóònù, ó ń pe àwọn aláìní jáde lórúkọ bí ẹni ń pe ọmọ iléèwé tó gbégbá orókè. Ó pe Baba. Baba dìde, gbogbo èèyàn rò pé iwájú ló ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló gbà lọ, ó di àwọn ọmọ mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kò sì fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyá Onídìrí ló lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó padà.

Baba ní, "Ọmọ mi, màá wá. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún sọ mí di alágbe lójú àwọn ọmọ yìí, ẹ ò ní rí mi mọ́."

Ìdí nìyẹn tí Ìyá Onídìrí fi gbé ọgbọ́n tuntun dé lọ́dún yìí. Ó dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ kan tí Baba ò wá, ó ní, "A ò ní pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Kí kálukú wo ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún, kó di ẹrù rẹ̀ sínú àpò, kó lọ gbé e sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ má kọ nǹkan kan sí i lára. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Bíríkìlà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ, nawọ́ sókè. "Tí mo bá fẹ́ sọ fún ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ìyàwó yín gan-an lẹ ò gbọ́dọ̀ sọ fún."

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Inú Ìyá Onídìrí dùn sí ọgbọ́n orí ara rẹ̀ débi pé orin ló kọ délé. Òun náà di ìrẹsì, òróró àti ẹ̀wù ọmọdé méjì sínú àpò, ó sì gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tẹ́ ẹ ti mọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ọdún, ó ń to àga lẹ́yìn ìsìn ló gbọ́ ìró ọmọlanke níta. Baba Aránbàtà ló ń tì í bọ̀, àwọn ọmọ ń bá a tì í lẹ́yìn, àpò sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Baba nu òógùn ojú. "Ẹrù yín rèé o. Ó pé, ẹnikẹ́ni ò tú u."

"Ẹrù wo, Baba?"

"Ẹrù ìjọ tẹ́ ẹ gbé wá kí n bá yín ṣọ́. Ṣé ẹ rò pé mi ò gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń yọ́ gbé e wá ni? Ta ni ò mọ ikọ́ Pásítọ̀? Bíríkìlà fẹsẹ̀ gbá korobá mi, ó tún ń bẹ korobá pé kó má bínú. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀rù olè ló ń bà yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kó gbogbo ẹ̀ sí yàrá, àwa wá ń sùn ní pálọ̀."

Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà ní, "A ò fọwọ́ kàn án, mà. Èyí tó ní bisikíìtì nínú, mo kàn gbóòórùn ẹ̀ ni."

Ìgbà yẹn ló wá yé Ìyá Onídìrí. Gbogbo ìjọ ló ti dá rò ó, ibì kan náà ni wọ́n sì rò ó sí. Ìyá ìbẹta tí nǹkan ò rọgbọ fún nínú ìjọ ò rí nǹkan kan gbà. Dírẹ́bà tó kán lẹ́sẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà. Bíríkìlà ń wo òrùlé, Pásítọ̀ ń húkọ́.

Ìyàwó Pásítọ̀ fa Ìyá Onídìrí sí kọ̀rọ̀. "Ọlọ́run ló bá wa ṣe é. Ẹ jẹ́ ká kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba, ká pín in fáwọn yòókù. Baba ò ní mọ̀, ojú ò sì ní tì í."

Ọ̀nà ìrọ̀rùn nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Onídìrí wo àwọn ọmọ yẹn. Bàtà wọn ń dán, iṣẹ́ ọwọ́ Baba ni, àmọ́ ẹ̀wù ọrùn wọn ti gbó débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka òwú rẹ̀. Tóun bá sọ òótọ́, Baba lè tún dì wọ́n mú kó máa lọ. Tóun bá dákẹ́, ọmọlanke òfìfo ni wọ́n máa tì padà sílé. Ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ ó mú Baba wọ yàrá kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ, ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

"Baba, a ò ní kẹ́ ẹ ṣọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin la gbé e fún."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ojú Baba le. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ta ló rán wọn?"

"Kò sẹ́ni tó rán ẹnikẹ́ni, Baba. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹlòmíì ń gbé e bọ̀. Kálukú jókòó sílé ara ẹ̀, ó ro ẹni tó máa fún, ẹ̀yin ló wá sí wọn lọ́kàn."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wa. Èmi náà."

Baba fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó jókòó, ó ṣí fìlà.

"Látìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, tí mo bá ti tilẹ̀kùn lálẹ́, mo máa ń sọ fún ara mi pé tí mo bá kú síbí, ó dìgbà tí bàtà ẹnì kan bá já kí wọ́n tó wá mi wá."

Ìyá Onídìrí ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín àbí kóun sunkún, ló bá ń ṣe méjèèjì pọ̀. Baba fi ọwọ́ nu ojú tirẹ̀ náà.

Ó wá béèrè pé, "Ìyá ìbẹta ńkọ́? Kí ni wọ́n gbé fún un?"

Ìyá Onídìrí mi orí pé kò sí. Ni ẹ̀rín bá gbé Baba, gbogbo èjìká rẹ̀ ń mì. "Ẹ ò mọ nǹkan pín rárá, ẹ̀yin èèyàn yìí."

Ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹrù náà fúnra rẹ̀: èyí fún ìyá ìbẹta, èyí fún dírẹ́bà, Bíríkìlà ń gbé e bó ṣe ń pàṣẹ. Níkẹyìn ó gbé àpò méjì sápá kan, ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbogbo èèyàn ń wò ó.

Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà fà á lẹ́wù. "Baba àgbà, ṣé ká tún lọ ṣọ́ ìyẹn ni?"

"Rárá," ni Baba wí, kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Tiwa nìyẹn. Àwọn èèyàn wa ló fún wa."