Ẹsẹ̀ Ajá Lórí Ilẹ̀ Bàbá Mi

Napurrula ní ó dára. Ó kàn ní ó dára... Àbí etí mi ni kò gbọ́ dáadáa? Mo gbọ́ o. "Nungarrayi, iṣẹ́ ẹ pé. Jẹ́ n lọ nà sábẹ́ igi jàre." Bó ṣe wí nìyẹn. Ẹsẹ̀ ajá sì wà láàrin aṣọ àwòrán náà, gbangba, bí ẹni fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ilẹ̀ bàbá mi ló tẹ́ sórí yanrìn níwájú mi yìí. Àwọn ìyá ìgbà ìwáṣẹ̀ tó ń wa àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ kiri inú aṣálẹ̀, ibi tí wọ́n jókòó sí, ibi tí wọ́n ti gbẹ́ omi mu — mo kun gbogbo ẹ̀, ó jáde, inú mi ń dùn bí inú ẹni tí wọ́n gbé ìrù kangarú ọlọ́ràá fún. Àfi Bisikíìtì. Ajá Napurrula fúnra ẹ̀, aláìnítìjú. Àná ló ń lé aláǹgbá, ló bá gba orí ọ̀dà tútù kọjá, láti ibi omi lọ tààrà sí òkè pupa. Òkè àwọn ọkùnrin, ibi tí àwa obìnrin kì í dárúkọ.

Bronwyn, òyìnbó tó ń bójú tó ilé àwòrán wa, pàtẹ́wọ́ ni. "Má fọwọ́ kàn án o, ó rẹwà." Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ tí mo bá kun ìgbálẹ̀ síbẹ̀, á ní ó rẹwà. Ipasẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá rí i á ní ajá kan rìn níbẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀. Irọ́ gbuu. Ajá kankan ò sí nínú ìtàn wa.

Màá ti pa á rẹ́ látàná, ṣùgbọ́n mo ní kí Napurrula kọ́kọ́ rí i... Èmi ni mo ni ilẹ̀, èmi ni mo ń kùn ún. Òun, ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin, ni olùṣọ́ ẹ̀. Tó bá ní kò dára, màá ká aṣọ mi nílẹ̀. Tó bá sì ti ní ó dára, ó parí, ta ni mo jẹ́ tí màá tún un ṣe lẹ́yìn ẹ̀?

Ó sì ní ó dára.

Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Napurrula tó bu eérú sí tíì mi lọ́jọ́sí, tó ní n ò mọ adùn... Ṣùgbọ́n kì í fi ilẹ̀ ṣeré. Rárá. Níjẹta ó kí kùkùté igi níwájú ilé ìtajà. "Ẹ kú ìjókòó o." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo rò pé àwàdà ni...

Ojú ẹ̀ ti lọ.

Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní kò lè ṣọ́ ilẹ̀ mọ́, ìyẹn á sì pa á. Tí mo bá dákẹ́, irọ́ á wọ mọ́tò lọ sígboro. Mọ́tò tó ń kó àwòrán wa lọ tà rèé, wọ́n ti ń di ẹrù sí i. Ta ló wà nídìí ẹ̀? Ọkọ ọmọ mi. Àna kì í wojú àna níbí, ká má tíì sọ ti ọ̀rọ̀ sísọ. Ta ni màá wá ní kó dúró? Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i báyìí, bí ẹni tí ń bínú sí táyà.

Mo ti mú igi ọ̀dà lọ́wọ́ láìmọ̀. Orin àwọn ìyá náà ti wà lẹ́nu mi, ta ni í kùn láìkọrin? Wọ́n jáde... wọ́n wa ilẹ̀... wọ́n jókòó —

Ikọ́. Lábẹ́ igi lọ́hùn-ún.

Mo ti fo ibi omi kejì nínú orin. Mo padà, mo kọ orúkọ ibẹ̀ lórin. Ikọ́ dá.

Ó dáa. Mo tún fo ibìkan, mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni.

Ikọ́.

Háà, Napurrula. Gbogbo ìgbà òtútù yìí ló ń wúkọ́ bí mo bá ti ń kùn, èmi ọ̀dọ̀yọ̀ sì ń se ewé fún un. Ó mu ún, ó ń fajú ro. Etí ló fi ń ṣọ́ ilẹ̀. Orin tí mo kọ ló ní ó dára, n ò sì kọ ajá kankan sínú ẹ̀. A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gba ajá yẹn wọlé.

Mo ki igi bọ ọ̀dà funfun. Tó, tó, tó, mo fi bo ipasẹ̀ àkọ́kọ́. Mọ́tò ń fọn fèrè, kó máa fọn ọ́n. Ẹ̀rín ń pa mí. Ó mọ̀ pé ojú òun ti lọ, kò sì sọ ọ́ kí iṣẹ́ mi má baà dúró. Èmi náà ò ní sọ ọ́. Màá kàn máa kọrin sókè díẹ̀ sí i.