Ilẹ̀kùn Tí Ìyá Rẹ̀ Máa Ń Kàn

A ti mú igi ọ̀gánwó fún ara jìtá oníná tí ọmọ mi obìnrin fẹ́. Ó ku pákó tí a máa lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Ọ̀gá tó ń ṣe jìtá fi eegun ìka lu pákó ìrókò kan, ó ní, "Ó ń kùn bí ọkọ tébi ń pa." Ó rẹ́rìn-ín tán kó tó rántí pé ìyàwó mi ti kú.

Ó wá lu ilẹ̀kùn yàrá ọmọ náà tí mo yọ wá láti ilé, bóyá a lè fi ṣe ojú jìtá, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń kàn láràárọ̀ láti jí i.

"Mo ti jí, Màámi," ni ọmọ mi tó dúró tì mí dáhùn.

Ọ̀gá rọra mú ayùn. "Bàbá, ṣé kí n gé e?"

Kí n tó fèsì, ilẹ̀kùn náà tún dún, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká gbé Màámi lọ sílé," ni ọmọ mi wí.

Ìrókò la lò.