Ibi Tí Orysia Da Metro Sí

Ọjọ́ tí ìròyìn kàn pé wọ́n máa wó pápá ìṣeré Gowan, ìdajì àwọn ará ìlú Carrick sunkún, ìdajì pàtẹ́wọ́. Orysia Hawryluk ò sunkún, kò sì pàtẹ́wọ́. Ó dìde láàárín ìpàdé tí ìgbìmọ̀ ìlú pè, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni du pápá tuntun. Kí wọ́n lọ kọ́ ọ sẹ́bàá títì márosẹ̀, kí wọ́n kọ́ ọ kó ga dé ọ̀run, kí wọ́n fi gíláàsì bo orí ẹ̀, kí yìnyín má bàa fọwọ́ kan àwọn àkẹ́bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni òun ń bèèrè.

"Ọkọ mi wà nínú Gowan. Ta ló máa bá mi gbé e jáde?"

Àwọn tó mọ̀ ọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n ń wojú ara wọn. Alága ìpàdé, ọkùnrin kan tó so táì aláwọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ẹfọ̀n mọ́rùn, ní kí màmá jọ̀ọ́ jókòó. Orysia ní òun ti ń jókòó ní Gowan láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń di ìlédìí fún bàbá alága, òun ò ní kọ́ ìjókòó lọ́dọ̀ alága.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Metro, ọkọ rẹ̀, wà ní Gowan lóòótọ́. Nígbà tí ogun Hitler parí, tí àwọn ológun kó kúrò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ẹ̀yìn ìlú, wọ́n fi àwọn ilé gàgàrà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí sílẹ̀. Àwọn ará Carrick tú ilé náà palẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ àlìkámà ru pákó rẹ̀ wọ ìlú, pákó yẹn ni wọ́n fi kan ìjókòó àkọ́kọ́ ní Gowan. Kò sí kọńgílá ńbẹ̀. Àgbẹ̀ ni, tíṣà ni, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, kálukú mú òòlù tiẹ̀ wá láti ilé. Metro, tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wà lára àwọn tó kan apá gúúsù, títí ó sì fi dàgbà, bí ẹnikẹ́ni bá jókòó gbì síbẹ̀, á ní kó rọra, pé pákó náà ní bàbá.

Gowan dàgbà mọ́ ọn lójú. Nígbà tí Ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ́n ní Winnipeg, tí wọ́n sì nà wọ́n ní Calgary, irin gba ipò pákó ní apá ìwọ̀ oòrùn, iná rìbìtì sì gorí òpó, wọ́n wá ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ọdún tí wọ́n gba ife, wọ́n kọ́ ìpele kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí bí ẹni to àwo lé àwo, wọ́n sì lé odindi àdúgbò kan kúrò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rílẹ̀ tẹ̀. Apá gúúsù nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Ibẹ̀ ni Metro mú Orysia lọ nígbà tó ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Orysia wo ọkùnrin méjìlá tó ń ya lu ọkùnrin méjìlá nítorí bọ́ọ̀lù olórí ṣóńṣó kan tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, ó bi Metro bóyá kò sí bọ́ọ̀lù mìíràn lọ́jà ni. Kí òtútù oṣù kọkànlá tó mú, òun fúnra rẹ̀ ti ń bú rẹfirí. Kúbùsù kan ló ń bo ẹsẹ̀ èèyàn mẹ́fà níbẹ̀, ọmọ ẹni kì í sì í tóbi ju abẹ́ kúbùsù lọ.

Nígbà tí jẹjẹrẹ fẹ́ mú Metro lọ, ó fà á mọ́ra. "Má gbé mi lọ sáàárín àwọn òkú," ó ní. "Wọn ò mọ bọ́ọ̀lù. Sun mí, kó o dà mí sídìí ìlà gúúsù, níwájú pákó mi."

Ìjọ wọn, ìjọ àwọn ará Ukraine, kì í sun òkú. Àlùfáà àtijọ́ kọ̀, kò lu agogo. Stefka, ẹ̀gbọ́n Metro obìnrin, tó ti ń fojú sí ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá wọn fún un, sọ lójú gbogbo èèyàn pé Orysia sun àbúrò òun bí ẹní sun pòròpórò. Orysia fèsì pé ẹni tó bá a sùn ló gbọ́ ohun tó sọ, kì í ṣe ẹni tó bá a pín ọmú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti yọwọ́ ara wọn láwo.

Láyé ìgbà yẹn, tí ìdíje ìkẹyìn ọdún bá parí, àwọn èrò máa ń sọ̀kalẹ̀ wọ inú koríko lọ bọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni Orysia mú. Ó da eérú sínú fúláàsì tíì, ó gbé e há abíyá. Aṣọ́nà tó ń wá ọtí nínú ẹrù àwọn èèyàn dá a dúró lẹ́nu géètì, ó bi í pé kí ló wà níbẹ̀.

"Ọkọ mi ni."

Aṣọ́nà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun náà ní irú ọkọ bẹ́ẹ̀ nílé, ó jẹ́ kó kọjá. Báyìí ni Orysia ṣe da Metro sídìí ìlà, láàárín ariwo, tí ẹnikẹ́ni ò wo ibi tó wà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde lọ́dọọdún, tí àwọn ará ìjọ bá gbé búrẹ́dì àti ẹyin lọ jẹ lórí ibojì àwọn èèyàn wọn, Orysia á gbé àga lọ sí ìdí wáyà tó yí pápá ká ní gúúsù, á jẹun níbẹ̀, á sì ròyìn fún ọkọ rẹ̀: ẹni tí Ẹfọ̀n rà, ẹni tí wọ́n tà, kóòṣì tó yẹ kí wọ́n sọ sódò. Ọdún kan, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún un ní Saskatoon, ó sì lo gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀. Ìgbà tó máa fi padà, koríko ti di àwátì. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà aláwọ̀ ewé ló tẹ́ rẹrẹ láti igun dé igun. Orysia wò ó láti orí ìjókòó. Èèyàn ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí ilẹ̀ nílé, ohun tó rò pé wọ́n ṣe náà nìyẹn. Inú ẹ̀ tilẹ̀ dùn. Ó sọ fún Metro pé Ẹfọ̀n ti ra kúbùsù fún un.

Ìpàdé ìlú ò tíì tutù tí fóònù fi dún. Orysia mọ ohùn náà kó tó pe orúkọ.

"Ìyàwó wa."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n ní katapílà máa kó àbúrò mi."

"Kò ní kó o lọ."

"Ìwọ lo gbé e síbi tí katapílà lè dé." Stefka mí kanlẹ̀. "Mi ò pè ọ́ torí ìjà. Ọkàn mi ti rẹ̀, dókítà ò sì fi bò fún mi. Mo fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa kí n tó lọ. Ìkúnwọ́ ilẹ̀ kan ti tó. Fádà tuntun yìí ti gbà."

Orysia dá a lóhùn: "Ẹ ó rí i gbà, Ẹ̀gbọ́n."

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Thiessen ni ẹnjiníà tí wọ́n fi síwájú iṣẹ́ ìwólulẹ̀ náà. Ó fún Orysia ní àga àti kọfí, ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́ọ̀bù ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀.

"Mà, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yẹn," ó ní. "Wọ́n máa ń wú ilẹ̀ kúrò kí wọ́n tó tẹ́ ẹ ni. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, kí omi lè ráyè lọ."

"Ilẹ̀ tó wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Thiessen ní òun ò sí níbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣe é. Ààtàn ìlú ni wọ́n kó o lọ, wọ́n fi bo ìdọ̀tí.

Orysia wa ọkọ̀ lọ sí ààtàn. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní kó má sọ̀kalẹ̀. Ó bi í níbi tí ilẹ̀ ọdún yẹn máa wà. Ọkùnrin náà na ìka sí abẹ́ òkè gíga kan, òkè ràbàtà tí mátírẹ́ẹ̀sì, táyà àti ìdọ̀tí ilé onílé dà bò, tí ẹyẹ funfun ń jà lórí rẹ̀. Ó ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Orysia jókòó sínú ọkọ̀ títí gíláàsì fi bò fún èémí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òkúta ló ń bá jẹun. Òkúta ló ń ròyìn fún. Metro tó sọ pé òun ò fẹ́ bá òkú tí òun ò mọ̀ gbé, abẹ́ ìdọ̀tí àwọn tí kò mọ̀ ló wà, ó sì ti wà ńbẹ̀ tipẹ́ láìsí ẹni tó kí i.

Ó gbé fóònù láti pe Stefka. Ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ Stefka ló gbé e, ó ní màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà tó jẹ oúnjẹ tán nínú àwo, ayọ̀ ọjọ́rú tí wọ́n fẹ́ lọ gbé Metro ló ń yọ. Orysia ní kó bá òun kí wọn.

Lọ́jọ́rú, wọ́n ti Stefka wọ Gowan lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ìpele kejì ti wó, irin rẹ̀ lọ́ sílẹ̀ bí egungun ẹja. Àwọn òṣìṣẹ́ Thiessen gé kápẹ́ẹ̀tì nídìí ìlà gúúsù, wọ́n ká a sẹ́yìn. Stefka ní kí wọ́n gbé òun sọ̀kalẹ̀. Fádà di apá kan mú, Orysia di èkejì, wọ́n rọra gbé e kúnlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọlẹ̀. Òkúta ló bọ́ sí i lọ́wọ́, òkúta eléérú, mímọ́ fóní. Ó wò ó títí.

"Òkúta ni," ó ní.

Thiessen wo Orysia, ó sì tètè gbójú kúrò. Orysia la ẹnu. Láyé rẹ̀, kò sí ẹni tí kò lè sọ òótọ́ fún: ó ti sọ ọ́ fún àlùfáà, ó ti sọ ọ́ fún rẹfirí, ó ti sọ ọ́ fún olórí ìlú nínú òjò dídì.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "òkúta yẹn..."

"Mo mọ̀." Stefka ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Metro ò lè di nǹkan mìíràn. Ìyá wa máa ń sọ pé orí ọmọ yìí le ju òkúta lọ." Ó gbé ọ̀kan sẹ́nu, ó fi ètè kàn án, ó sì dà wọ́n sínú ìkòkò kékeré tó gbé wá. "Wò ó bó ṣe wúwo, ìyàwó wa. Gbà á, wò ó."

Orysia gbà á. Ó wúwo lóòótọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wúwo.

Wọ́n wa ọkọ̀ lọ sí ìtẹ́ òkú ìjọ, láàárín oko àlìkámà, níbi tí ẹ̀fúùfù kì í ti í sinmi. Wọ́n gbé ìkòkò náà sínú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, Fádà kọrin, gbogbo ẹbí gbè é. Gbogbo wọn sunkún. Orysia nìkan ni ojú ẹ̀ gbẹ, àwọn èèyàn sì ń sọ fún ara wọn pé obìnrin yìí mà lágbára. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sí ọkọ̀, Stefka di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo sọ̀rọ̀ le nígbà yẹn," ó ní. "Mo ti bá Fádà sọ ọ́. Iná o, àìsíná o, ààyè rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ níbí. O gbọ́? Ẹ ò tún ní pínyà mọ́."

Kí Orysia tó lè sọ pé òun ò fẹ́, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Ọwọ́ tó di tiẹ̀ mú ti tutù.

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ ṣé."

Stefka kú kí wọ́n tó kórè. Wọ́n sin ín sí apá ọ̀tún ìkòkò náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ibojì pe Orysia lórí fóònù: màmá tó lọ ti sanwó pé kí wọ́n kọ orúkọ Orysia síbẹ̀ pẹ̀lú ti Metro, kí wọ́n fi ààyè ọdún ìkẹyìn sílẹ̀. Ṣé Hawryluk náà ni kí òun kọ? Orysia ní òun náà ni. Ọkùnrin náà bèèrè bóyá ó fẹ́ gbólóhùn kan lábẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ẹsẹ Bíbélì, pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ ẹ.

Orysia ní rárá. Ó ní kó kàn fi orúkọ sí i.