Máàpù Tó Di Èèpo Ìwé

Adéjọkẹ́ ti ká gbogbo tìmùtìmù àga pálọ̀ sílẹ̀, ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì, ó tilẹ̀ ti yẹ ẹ̀yìn fíríìjì wò, kò rí máàpù náà. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, òun àti ọmọ rẹ̀ ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúntádé, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ní kó gbé orí karùn-ún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wá, torí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń lọ máa ṣiṣẹ́ ní Sáúdí. Lọ́dún 1989 yẹn, ta ni kì í lọ nínú àwọn olùkọ́ yunifásítì? Bí orí karùn-ún kò bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọ bààlúù, Adéjọkẹ́ yóò tún wá olùkọ́ mìíràn, ìyẹn á sì ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Ọdún kẹfà rèé tó ti wà lẹ́nu oyè dókítà yìí, tó ń kọ̀wé nípa àwọn ìlú apẹja àti àgbẹ̀ láti Òjó títí dé Ìjànìkin. Ọwọ́ ló fi ya máàpù wọn, tí orí karùn-ún dá lé, sórí bébà fífẹ̀ kan, oṣù mẹ́ta gbáko ló sì gbà á.

"Fọlákẹ́, ṣé o rí bébà ńlá kan tí mo ká sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù?"

Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dìde nílẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó kó nóòtù ilé-ìwé rẹ̀ mẹ́fà jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Gbogbo wọn ti wọ èèpo tuntun. Ó gé e dọ́gba, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ nigínnigín, ó sì kọ orúkọ, iṣẹ́ àti kíláàsì sójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ orúkọ Fọlákẹ́ ni ọ̀nà Badagry ń gbà kọjá.

Ojú Adéjọkẹ́ ṣókùnkùn. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a.

"Tíṣà ní ẹni tí ò bá bo ìwé ẹ̀ ò ní wọ kíláàsì ní Mọ́ńdè," ni Fọlákẹ́ wí, omi ti lé sójú rẹ̀. "Mo ti sọ fún yín, Mọ́mì. Ẹ ní ó kù díẹ̀."

Ọwọ́ tó wà lókè náà kò mọ ibi tí yóò bọ́ sí mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ ti ń bèèrè bébà tí òun yóò fi bo ìwé, tí ìyá ń dáhùn pé ó kù díẹ̀, láì gbójú sókè. Bí ọmọ bá fẹ́ dirun, ó kù díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n wo iṣẹ́ àṣetiléwá òun, ó kù díẹ̀. Bàbá Fọlákẹ́, ọmọ ogun ojú omi, ti wà lórí òkun láti oṣù tó kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ ní Navy Town, bárékè tí wọ́n ń gbé. Ọmọ kò ní ẹlòmíràn tí yóò bẹ̀. Ìtìjú mú Adéjọkẹ́ ju ìbínú lọ.

Ó sáré lọ sí Okokomáìkò, ó ra bébà ìbowé àti káádíbọ́ọ̀dù funfun kan tí wọn yóò lẹ máàpù náà mọ́. Nígbà tó dé, ìyá àti ọmọ jókòó sílẹ̀, wọ́n ń tú èèpo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adéjọkẹ́ kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó gé e mọ̀ ọ́n.

"Ìjànìkin wà lára mátíìsì," ni Fọlákẹ́ wí. "Ìbà wà lára Yorùbá. Ẹ yí i padà, Mọ́mì, ẹ ti dorí ẹ̀ kodò."

Wọ́n tò ó títí, ó ku Òjó nìkan tí wọn ò rí. Nígbà tí ìyá bèèrè, Fọlákẹ́ wolẹ̀. Ó ní ìwé Mọ́mì náà wà ní ìhòòhò, lòun bá bò ó. Ó lọ mú nóòtù ńlá tí ìyá rẹ̀ ń kọ ìwádìí sí, tó dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ó yí i padà. Òjó rèé lójú rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé ọmọdé:

Orúkọ: Mọ́mì.
Iṣẹ́: Ìwé kíkọ.
Kíláàsì: Ó kù díẹ̀.

Adéjọkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín mọ́ ọn lẹ́nu. Fọlákẹ́ fẹ́ máa tú èèpo náà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, òun yóò tún Òjó yà. Ó mú pẹ́ńsùlù. Ó wo orí ọmọ rẹ̀, tí irun rẹ̀ ti hù jáde lábẹ́ dídì ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó sì gbé pẹ́ńsùlù náà sílẹ̀.

"Lọ gbé kóòmù wá."

"Máàpù yẹn ń kọ́, Mọ́mì?"

"Ìyẹn ló kù díẹ̀," ni Adéjọkẹ́ wí, ó sì la ẹsẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè jókòó sáàárín.